Ṣé Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Ni Àwọn Fíìmù Ogun Àtijọ́? Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ̀ Wọ́n Wò

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí jáde láti inú àríyànjiyàn tó wáyé nínú ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Àwọn kan ní kí a má ṣe wo fíìmù ogun àwọn òyìnbó àtijọ́ mọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, pé èébú ló kún inú wọn. Àwọn kan ní fíìmù lásán ni, kí a jókòó gbádùn ún, pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Wọ́n wá ní kí n kọ nǹkan sára ògiri nípa rẹ̀, kí gbogbo ilé ìwé lè dá sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe èébú nìkan ló ń sọ fíìmù di ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ohun tó burú jù ni kí fíìmù gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, kó sì dájọ́. Ẹnìkan ló ní orúkọ, ló ní ìdí, ló ní ẹnu. Ẹnìkejì kàn ń sáré, ó ń pariwo, ó ń kú.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì

Kí àwọn JSS lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì.

*Ìjọba amúnisìn:* èyí ni ìgbà tí orílẹ̀-èdè kan bá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, tó ń pàṣẹ níbẹ̀, tó sì ń gba owó orí. Òyìnbó gba Èkó ní ọdún 1861, Nàìjíríà sì gba òmìnira ní 1960. Ẹ ṣírò rẹ̀: 99 ọdún ni.

*Ẹlẹ́yàmẹ̀yà:* ẹni tó gbà pé ẹ̀yà tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ láti inú ẹ̀jẹ̀ wá, tó sì ń hùwà bẹ́ẹ̀. Ó lè bú ọ. Ó sì lè má bú ọ rárá, kó kàn máa ṣe bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀.

Fíìmù tó kàn wá jù: Sanders of the River

Ọdún 1935 ni fíìmù yìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú àwọn ìtàn tí Edgar Wallace tẹ̀ jáde ní 1911 ni wọ́n ti mú un. Zoltan Korda ló darí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alexander Korda ló sì gbé e jáde. Ìdí tí mo fi sọ pé ó kàn wá ni pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n rán àwọn ayàwòrán wá sí Áfíríkà láti ya ijó àti orin, àmọ́ ìtòsí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́ abúlé inú fíìmù náà sí.

Ìtàn náà lọ báyìí. Sanders ni ajẹ́lẹ̀, ẹni tí àwọn bàbá wa ń pè ní D.O., ní agbègbè odò ńlá kan. Ó ń bá àwọn ọba sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń bá ọmọ JSS 1 wí. Ó gba ìsinmi láti lọ gbéyàwó. Àwọn oníṣòwò ìbọn àti ọtí tan ìròyìn èké pé ó ti kú. Kíá, ilẹ̀ dàrú. Ọba búburú kan tó ń jẹ́ Mofolaba bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn. Sanders padà dé nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ìbọn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ tòrò. Ó wá fi Bosambo, ìjòyè tó jẹ́ olóòótọ́ sí i, jọba.

Ẹ wò ó dáadáa. Odindi ilẹ̀ kan, tòun ti ọba, tòun ti ìjòyè, tòun ti àgbàlagbà, kò lè dúró fúnra rẹ̀ bí òyìnbó kan ṣoṣo bá lọ ṣe ìgbéyàwó! Ní àdúgbò wa níbí, ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́, ìlú Àwórì ni Ìbà. Wọ́n ti ní Ọlọ́jọ́ àti Oníbà, wọ́n ti ní ìgbìmọ̀, wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè kí D.O. kankan tó gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá. Ọmọ ìlú yìí tó bá wo Sanders, tí kò mọ ìtàn ìlú rẹ̀, lè rò pé igbó ni gbogbo ibí yìí, tí kò sí òfin níbẹ̀.

Nígbà tí a wo fíìmù yìí ní yàrá kọ̀ǹpútà, mo ń wo ojú àwọn ènìyàn ju bí mo ṣe ń wo fíìmù lọ, nítorí èmi ni wọ́n ní kó kọ ìròyìn. Nígbà tí ọkọ̀ Sanders yọ, tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ariwo ayọ̀ sọ nínú yàrá. Àwọn JSS pàtẹ́wọ́. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Íbò, ọmọ Ègùn, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún ìbọn tó ń pa àwọn tó jọ bàbá wọn. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ti sọ ọmọ kíláàsì wọn kan tó dúdú dáadáa ní Mofolaba. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò bá àwọn tó pàtẹ́wọ́ wí. Fíìmù náà ló darí ọwọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí o mọ orúkọ akọni, kí o mọ ìyàwó rẹ̀, kí o mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kámẹ́rà á dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ ni ó máa fi wo etí odò. Àwọn tó wà létí odò kò ní ju ọ̀kọ̀ àti ariwo lọ. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ibi tí kámẹ́rà bá dúró sí ni ọkàn rẹ náà máa dúró sí, ì báà jẹ́ àwọ̀ rẹ dúdú bí kóró iṣin.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn gidi kan nítòsí wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, gómìnà Èkó, Carter, rán ọmọ ogun lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ gòkè, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn pẹ̀lú ìbọn Maxim tó ń rọ̀jò ọta. Kí ló fa ìjà? Ọ̀nà òwò ni. Àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí òkè, wọ́n fẹ́ kí òwò náà máa gba ọwọ́ tiwọn. Ẹ lè jiyàn bóyá wọ́n tọ̀nà tàbí wọn ò tọ̀nà. Àmọ́ wọ́n ní ìdí. Ká ní kámẹ́rà dúró sẹ́yìn odi Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà ni, ta ni à bá pàtẹ́wọ́ fún?

Ṣé òótọ́ ni pé "bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn"?

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń gbèjà àwọn fíìmù náà máa ń sọ jù. Wọ́n ní ojú òní ni a fi ń wo ohun àná, pé kò sí ẹni tó rí àléébù kankan níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Paul Robeson ló ṣe Bosambo. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ohùn rẹ̀ sì gba ayé kan. Ní àkókò yẹn, ó ń kọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, inú rẹ̀ sì dùn sí orin àti ijó tí wọ́n yà wá láti ilẹ̀ wa. Ó rò pé fíìmù náà máa fi ẹwà àṣà Áfíríkà han ayé. Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ó rí i pé ìyìn ìjọba amúnisìn ni wọ́n fi ohùn òun kọ. Inú bí i, ó sì kọ fíìmù náà sílẹ̀. Ọmọ ìgbà yẹn gan-an ni, kì í ṣe ọmọ òní. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹnikẹ́ni kò rí i nígbà náà, àwọn òyìnbó nìkan ló kà mọ́ "ẹnikẹ́ni". Ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu: láàárín àwọn tó ṣe èrò inú fíìmù yẹn, Jomo Kenyatta wà níbẹ̀. Ẹni tó wá di olórí orílẹ̀-èdè Kenya lẹ́yìn òmìnira! Fíìmù náà ń sọ pé Áfíríkà kò lè ṣàkóso ara rẹ̀, olórí ìjọba ọ̀la sì dúró síbẹ̀ tó wọ aṣọ eré.

Zulu: ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ẹnu ni kò sí

Fíìmù kejì ni *Zulu*, tí Cy Endfield darí ní 1964. Ogun Rorke's Drift ló dá lé, ní 22 àti 23 oṣù Kìíní 1879, níbi tí nǹkan bí 150 sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dojú kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun Zulu.

Kò dára kí a da fíìmù yìí mọ́ ti Sanders. Àwọn Zulu inú rẹ̀ gbọ́n, wọ́n láyà, wọ́n mọ ogun jà. Mangosuthu Buthelezi, tó wá di òṣèlú ńlá ní South Africa, ló ṣe ọba Cetshwayo, tó jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀ láti ìdílé ìyá. Èyí kì í ṣe èébú rárá.

Síbẹ̀, ẹ gbé òṣùwọ̀n wa sókè. Àwọn sójà òyìnbó ní orúkọ, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń rántí ilé. Zulu mélòó ni a mọ orúkọ wọn? Kò tó nǹkan. Ta ló sì bẹ̀rẹ̀ ogun? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fún Cetshwayo ní àṣẹ tí kò ṣeé gbà ní oṣù Kejìlá 1878, tí wọ́n sì wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Fíìmù náà kò sọ èyí. Ẹni tó bá wò ó láìmọ̀ ìtàn máa rò pé ẹni tó wọlé onílé ni wọ́n wá ká mọ́lé!

Burma: níbi tí wọ́n ti pa wá rẹ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Púpọ̀ nínú wa ń gba iwájú Cantonment Ọ̀jọ́ kọjá lójoojúmọ́, àwọn mìíràn ń gbé inú rẹ̀. Division 81 ni ẹ̀ka ọmọ ogun tó ń mójú tó Èkó. Nọ́ńbà 81 yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà méjì, 81 àti 82, ló lọ bá Japan jà nínú igbó Burma. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn gan-an. Àwòrán aláǹtakùn dúdú ni àmì ẹ̀ka 81.

Ní 1945, Amẹ́ríkà gbé fíìmù *Objective, Burma!* jáde. Errol Flynn ni akọni rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bínú gidigidi, nítorí fíìmù náà ṣe é bí ẹni pé Amẹ́ríkà nìkan ló ja ogun Burma. Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò ní àwọn ilé sinimá wọn. Ẹ ṣé ẹ rí i? Òyìnbó náà mọ bó ṣe ń dun ènìyàn tí wọ́n bá pa á rẹ́ nínú ìtàn ara rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló pariwo nítorí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sin sí igbó kan náà?

Ó wá ku ti Orlando Martins. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1899. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, títí ó fi di òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀. Ó wà nínú *Sanders of the River* pàápàá. Ní 1949, ó ṣe *The Hasty Heart* pẹ̀lú Richard Todd àti Ronald Reagan, ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Burma ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Sójà Áfíríkà ni Martins nínú rẹ̀, Blossom ni wọ́n ń pè é. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó níwà pẹ̀lẹ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ju orúkọ yẹn lọ jálẹ̀ fíìmù. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó lù ú. Àwọn yòókù sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọmọ Èkó tó ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n rí fún un sọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí sójà Áfíríkà gidi kan ní láti sọ nípa Burma. Isaac Fadoyebo wá láti Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọdékùnrin ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yìnbọn lù wọ́n ní àfonífojì Kaladan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló kù sínú igbó. Àwọn ará abúlé Mùsùlùmí kan ló ń fi oúnjẹ pamọ́ wá fún wọn, tí wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni tí àṣírí bá tú. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé fúnra rẹ̀. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips ṣe fíìmù lórí rẹ̀ fún Al Jazeera, ó sì lọ bá ìdílé tó fi í pamọ́.

Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra: Blossom inú fíìmù, ọ̀rọ̀ kan. Isaac Fadoyebo, odindi ìwé. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti odindi ìwé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yàmẹ̀yà ń gbé. Àwọn SS tó ti ka *Things Fall Apart* mọ̀ ọ́n: ní òpin ìwé náà, D.O. ń rò ó bóyá ìpínrọ̀ kan péré máa tó fún ìtàn Okonkwo.

Kí ni kí a wá ṣe?

Èmi kò fara mọ́ pé kí a má wò wọ́n mọ́. Tí a bá sun ìwé ẹjọ́ nítorí pé adájọ́ ṣègbè, kí la máa fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Èmi kò sì fara mọ́ pé kí a kàn máa wò wọ́n pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká máa wò wọ́n bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀rí wò ní kóòtù. Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni mo dábàá pé kí olùdarí ètò kọ sí bọ́ọ̀dù kó tó tan fíìmù:

1. Ta ló ní orúkọ nínú fíìmù yìí, ta ni kò ní?
2. Ta ló sọ ìdí tó fi ń jà? Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹnìkejì sọ tirẹ̀?
3. Níbo ni kámẹ́rà dúró sí nígbà tí ìbọn bá ń dún?
4. Ta ló wà ní ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an, tí a ò rí nínú fíìmù?

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí o. Alábà kò jìnnà sí wa. Láti ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì àti díìsìkì fíìmù Nàìjíríà ti ń lọ káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbé ìbéèrè mẹ́rin yìí lé fíìmù tiwa lórí. Mẹ́guàdì Hausa tó wà ní géètì ọ̀gá, ṣé ó ń sọ ju "rankadédé" lọ? Ṣé a mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀? Ọmọ Ègùn inú fíìmù Yorùbá ńkọ́, ṣé wọ́n ń mú un wá fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí oògùn? Nínú kíláàsì wa, láti Okokomaiko dé Ìbà, gbogbo ẹ̀yà yìí ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Tí a bá mọ bó ṣe rí lára wa láti di Blossom nínú fíìmù ẹlòmíràn, kò yẹ kí a sọ ẹnikẹ́ni di Blossom nínú tiwa.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tó wà lókè nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀ nínú àwọn fíìmù yẹn jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde. Kì í ṣe òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ohun tó yí padà ni pé àwa tí wọ́n kò fún ní ọ̀rọ̀ sọ ti wà níjòókòó báyìí, a sì lè dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

*JSS:* Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé yín bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín lọ sí Burma tàbí ogun mìíràn. Kọ ohun tí ó bá sọ, kó má ju ojú ìwé kan lọ.

*SS:* Yan ìran kan nínú *Sanders of the River* tàbí *Zulu*. Tún un kọ láti ojú ẹni tó dúró sí òdìkejì odò. Fún un ní orúkọ, fún un ní ìdí.

Ẹ fi sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Àwọn tó bá dára jù, a ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yìí.

*Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 kan, ẹgbẹ́ oníròyìn*